Láti Inú Mùdùnmúdùn Dé Inú Láàbù: Ìtàn Ìyá Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ lè má tíì bá pàdé nínú ìwé tí a ń lò ní kíláàsì, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ eegun ni ẹ ti dàgbà, ẹ ti jẹ ohun náà rí. Ọ̀rọ̀ náà ni mùdùnmúdùn. Òun ni nǹkan rírọ̀, olómi ọ̀rá, tó wà nínú ihò eegun, tí àwọn ọmọdé máa ń fà mu, tí wọn á tún máa gbá eegun mọ́ abọ́ kí ó lè jáde. Ẹ fetí sí ìró rẹ̀ dáadáa: "dùn" wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní adùn ẹnu ló bí ọ̀rọ̀ náà, èmi ò ní bá a jiyàn.

Ohun tí àwọn baba wa kò ní irinṣẹ́ láti rí ni pé inú mùdùnmúdùn yẹn ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà. Nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun ló ń jáde láti ibẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó ka gbólóhùn yìí tán, ó ti ṣe bíi mílíọ̀nù 10. Ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ, ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ náà kò fi gbọ́dọ̀ sinmi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé iṣẹ́ èdè náà la wá ṣe. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí ń ti ara ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì kan jáde, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stem cell. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, "sẹ́ẹ̀lì ìtì igi" ló máa já sí, kò sì ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ "sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀", kò burú. Ní tèmi, ìyá sẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ máa pè é, bí a ṣe ń pe ìlù tó ń darí àwọn ìlù yòókù ní ìyá ìlù. Ìyá ni lóòótọ́, nítorí pé ó ń bímọ. Nígbà tí ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá pín sí méjì, ó lè bí irú ara rẹ̀, ìyẹn ìyá mìíràn. Ó sì tún lè bí ọmọ tí yóò di ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, tàbí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà, tàbí àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ojú ọgbẹ́ dì. Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn, pé ó ń bí ara rẹ̀, ó sì ń bí oríṣiríṣi ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà láàbù ti máa bẹ̀rẹ̀ bó bá yá.

Ìtàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ogun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima àti Nagasaki ní ilẹ̀ Japan. Àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ iná, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ògiri tó ń wó, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èrìgì wọn, egbò kékeré kọ̀, kò jinná, ibà gbé wọn dè, wọ́n sì kú. Ìtànṣán olóró ti pa mùdùnmúdùn wọn. Kò sí ilé iṣẹ́ mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá ń bi ara wọn ni pé: ṣé ohun tí ìtànṣán bàjẹ́ ṣe é rọ́pò? Ní 1949, Leon Jacobson ní Chicago fi òjé bo ọlọ inú eku, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà lápá òsì ikùn, kó tó tan ìtànṣán sí i. Ìtànṣán tó yẹ kó pa eku náà kò pa á. Ní 1951, Egon Lorenz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èèyàn ò tiẹ̀ nílò òjé: bí a bá gún eku tí ìtànṣán ti bà jẹ́ ní abẹ́rẹ́ mùdùnmúdùn tó wá láti ara eku mìíràn, ó lè yè. Ẹ kíyè sí i pé inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gún un sí o, kì í ṣe inú eegun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ló fúnra wọn wá ọ̀nà eegun lọ, bí àgùntàn tó mọ ilé olówó rẹ̀.

Ẹni tó gbé e dé ara ènìyàn ni E. Donnall Thomas, dókítà kan ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1957 ó tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn 6 tó fún ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn jáde. Kò sí èyí tó pẹ́ láyé nínú wọn. Ní 1959 ó ròyìn ti àwọn aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ìbejì, tí ìkejì wọn sì fún wọn ní mùdùnmúdùn. Lọ́tẹ̀ yìí, mùdùnmúdùn náà mú, ó sì ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Mo mọ ohun tó ti ń sọ sí yín lọ́kàn: ìbejì kẹ̀! Ṣebí àwa la ni ìbejì. Òótọ́ ni pé ní Ìgbò-Ọrà, ìbejì tí wọ́n ń bí ti lé ní 40 nínú ìbí 1000 nígbà tí àwọn oníṣègùn kà á láàrin ọdún 1960 sí 1970, kò sì sí ibi púpọ̀ láyé tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Ìbejì tí Thomas ń wá ni èyí tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì, tí ara wọn jẹ́ ọ̀kan náà pátápátá. Irú èyí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe wà níbòmíràn lọ. Nǹkan bí 4 ni nínú ìbí 1000 káàkiri ayé. Èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni ti ẹyin méjì. Táíwò àti Kẹ́hìndé irú èyí kò ju ọmọ ìyá lásán lọ lójú mùdùnmúdùn.

Ní 1958, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Vinča ní Yugoslavia, ìtànṣán sì ba èèyàn 6 jẹ́. Wọ́n gbé wọn lọ sí Paris lọ́dọ̀ Georges Mathé, ó sì fún 5 nínú wọn ní mùdùnmúdùn àwọn ará Faransé tó yọ̀ǹda ara wọn. Ọ̀kan kú, 4 yè. Àwọn tó fi ara sílẹ̀ yìí kì í ṣe ìbátan àwọn aláìsàn rárá. Wọn ò tilẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn.

Títí di ìgbà yìí, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú mùdùnmúdùn tó ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an. Àwọn méjì ní Toronto ló yanjú rẹ̀: Ernest McCulloch, tó jẹ́ dókítà ẹ̀jẹ̀, àti James Till, tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì. Ní ọjọ́ Sunday kan ní 1960, McCulloch lọ wo àwọn eku tó ti fún ní mùdùnmúdùn ní ọjọ́ 10 ṣáájú. Ó rí i pé kókó kéékèèké ti yọ lára ọlọ inú wọn. Ó kà á. Iye kókó náà bá iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gún sí eku kọ̀ọ̀kan mu, nǹkan bíi kókó 1 fún sẹ́ẹ̀lì 10,000. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961, nígbà tó sì di 1963, àwọn àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí gbogbo ohun tó wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan. Ìyá sẹ́ẹ̀lì ti fojú hàn nìyẹn. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà ju ibi yòókù lọ, nítorí pé kíkà lásán ni, kíkà bí a ṣe ń ka ọmọ ayò. Irinṣẹ́ olówó ńlá kọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé. Bí a bá fún ènìyàn ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn, ara onílé lè kọ àlejò. Èyí tó tún burú jù ni pé àlejò fúnra rẹ̀ lè kọ onílé: ẹ̀jẹ̀ funfun tuntun á máa bá awọ ara, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ẹni tó gbà á sílé jà. Ní 1958, Jean Dausset ní Paris ti rí àkọ́kọ́ nínú àwọn àmì tí ara fi ń mọ ti ẹni yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní HLA. Ọ̀dọ̀ bàbá ni a ti ń jogún ìdajì àmì yìí, a sì ń jogún ìdajì yòókù lọ́dọ̀ ìyá. Fún ìdí èyí, àǹfààní pé ọmọ ìyá kan àti bàbá kan náà bá yín mu jẹ́ 1 nínú 4. Ní 1968, Robert Good ní Minnesota fún ọmọ ọwọ́ kan tí ara rẹ̀ kò lè bá àrùn jà ní mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá a mu, ọmọ náà sì yè. Thomas fúnra rẹ̀ kó lọ sí Seattle, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990.

Ẹni tí kò ní ọmọ ìyá tó bá a mu ńkọ́? Àwọn ará ìta ni wọ́n yíjú sí. Ní 1974, wọ́n dá ìwé orúkọ Anthony Nolan sílẹ̀ ní London, tí àwọn tó fẹ́ fi mùdùnmúdùn tọrẹ lè fi orúkọ sí. Amẹ́ríkà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986. Ní báyìí, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù èèyàn ló wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé.

Ẹ dúró níbí ná. Ní 2014, àwọn olùwádìí wo ìwé orúkọ ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣírò àǹfààní tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti rí ẹni tó bá a mu pátápátá. Fún àwọn aláwọ̀ funfun tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, 75 nínú 100 ni. Fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, 18 ni. Fún àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, 19. Fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìran wọn wá láti Gúúsù tàbí Àárín Amẹ́ríkà, 16, òun ló sì kéré jù. Ìdí méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, àwọn èèyàn wa tó fi orúkọ sílẹ̀ kò pọ̀. Èkejì, àmì HLA lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ní oríṣiríṣi ju ti ibikíbi lọ, nítorí pé Áfíríkà ni aráyé ti pẹ́ jù. Àwọn tó jáde kúrò níbẹ̀ láyé àtijọ́ kó díẹ̀ lọ nínú àmì náà, wọ́n fi púpọ̀ sílẹ̀. Ọrọ̀ ni lọ́nà kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí dókítà bá ń wá ẹni tó bá yín mu, ọrọ̀ náà di ìṣòro.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tí ọ̀pọ̀ yín ti lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni Ṣeun Adébíyìí. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i, Amẹ́ríkà ló sì ti dàgbà. Ní 2009, ọdún tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Yale, tó tún ń múra àtiṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Olympics ìgbà òtútù, ni wọ́n sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó bá a mu títí, wọn ò rí. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, ìsapá rẹ̀ sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Nàìjíríà ní ìwé orúkọ olùtọrẹ mùdùnmúdùn tirẹ̀ ní 2012. Ní ilẹ̀ Britain, àwọn òbí ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ ACLT sílẹ̀ láti 1996 nítorí ìṣòro yìí kan náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti padà rí ẹni tó bá ọmọ náà mu, ní 1999.

Mo dárúkọ ìwọ́ ọmọ. Okùn tó so ọmọ mọ́ ìyá nínú oyún ni. Nílé, a ti mọ̀ pé ibi ọmọ àti ìwọ́ kì í ṣe ohun àjùnù: a máa ń rì í mọ́lẹ̀ ni, a sì máa ń mọ ibi tí a rì í sí. Ní ilé ìwòsàn òyìnbó, inú pàǹtí ni wọ́n ń kó o sí títí di ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kún fún ìyá sẹ́ẹ̀lì. Ní 1988, Eliane Gluckman ní Paris fún ọmọdékùnrin kan tó wá láti Amẹ́ríkà ní ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ náà kọjá òkun ní dídì, ó sì mú. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ní àǹfààní ńlá kan: nítorí pé ó jẹ́ ti ọmọ tuntun, kì í bá onílé jà púpọ̀, kò sì pọn dandan kó bá a mu délẹ̀délẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kéré. Ìwọ́ kan tó fún ọmọdé. Fún àgbàlagbà, kò tó. Ẹ̀jẹ̀ tuntun á pẹ́ kó tó yọ, láàrin ìgbà yẹn sì ni àrùn kéékèèké lè pa aláìsàn.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ìwọ́ kan bá kéré, ẹ jẹ́ kí á sìn ín ní láàbù kó pọ̀, bí ẹni ń sin adìẹ. Ó rọrùn lẹ́nu.

Ìṣòro náà rèé. Ìyá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá gbé kúrò nínú eegun sínú àwo láàbù, bí wọ́n bá fún un ní oúnjẹ tó yẹ, yóò bímọ dáadáa. Àmọ́ gbogbo ọmọ náà á dàgbà, wọn á di ẹ̀jẹ̀ pupa àti ẹ̀jẹ̀ funfun, kò sì ní sí ìyá kankan mọ́ láàrin wọn. Ó dà bí àgbẹ̀ tó se gbogbo ẹ̀bù iṣu rẹ̀ jẹ: ó yó lónìí, kò ní ohun tó máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ní 1977, Michael Dexter ní Manchester rí i pé bí wọ́n bá jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń bá ìyá sẹ́ẹ̀lì gbé nínú eegun kọ́kọ́ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àwo bí ẹní, ìyá sẹ́ẹ̀lì eku lè wà láàyè fún oṣù mélòó kan. Ìyẹn ni pé ojúlé ṣe pàtàkì bí oúnjẹ. Ní 1988, ẹgbẹ́ Irving Weissman ní Stanford ya ìyá sẹ́ẹ̀lì eku sọ́tọ̀ débi pé 30 péré tó láti gba ìdajì nínú àwọn eku tí ìtànṣán ì bá ti pa. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n lè kó o jọ, síbẹ̀ wọn ò lè sọ ọ́ di púpọ̀.

Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ fi rí báyìí. Ní 2010, wọ́n rí kẹ́míkà kan tí wọ́n pè ní SR1, ní 2014 ẹgbẹ́ Guy Sauvageau ní Montreal rí èyí tó ń jẹ́ UM171, àwọn méjèèjì sì ń dá ìyá sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ dúró díẹ̀ kó má tètè dàgbà. Èyí tó kọ́kọ́ gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí oògùn ni omidubicel, ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Irú fítámì B3 kan, tó ń jẹ́ nicotinamide, ni wọ́n fi ń sin ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi èèyàn 125 ṣe, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn padà dé ní ọjọ́ 12, nígbà tó gba ọjọ́ 22 fún àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí wọn ò sìn. Ọjọ́ 10 lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ bi ẹni tó ti dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ̀ rí.

Ti 2019 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Adam Wilkinson, Hiromitsu Nakauchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stanford àti Tokyo ń wá ìdí tí oúnjẹ láàbù fi ń ba ìyá sẹ́ẹ̀lì eku jẹ́. Wọ́n rí i pé albumin, ohun kan tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá tí gbogbo láàbù ń fi sínú oúnjẹ yìí, ló ń kó ìdọ̀tí bá a. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi polyvinyl alcohol rọ́pò rẹ̀, ohun tó wà nínú gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ ìwé! Láàrin ọjọ́ 28, ìyá sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ sí i ní ìlọ́po 236 ó kéré tán, ó tó 899 nínú àwọn àwo kan. Eku nìyẹn o. Ti ènìyàn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2023, àwọn kan lára ẹgbẹ́ yìí ròyìn ọ̀nà tó jọ ọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ènìyàn.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n má tilẹ̀ wá olùtọrẹ rárá. Ní 2006, Shinya Yamanaka ní Kyoto mú sẹ́ẹ̀lì awọ ara eku, ó fi jíìnì 4 sínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà sì padà di bí ó ṣe wà nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó lè di ohunkóhun nínú ara. Ní 2007, wọ́n ṣe é pẹ̀lú ti ènìyàn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí kò rí ẹni bá a mu lè jẹ́ olùtọrẹ fún ara rẹ̀: awọ ara rẹ ni yóò di ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ó ku kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa darí rẹ̀. Ní 2017, ẹgbẹ́ George Daley ní Boston fi jíìnì 7 tì í débi tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú eku, ṣùgbọ́n kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kó jíìnì náà wọlé, èyí sì léwu fún ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Elizabeth Ng, Andrew Elefanty, Ed Stanley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Murdoch Children's Research Institute ní Melbourne ròyìn pé àwọn ṣe é láì ti jíìnì kankan bọ̀ ọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oyún ni wọ́n ṣe àfarawé rẹ̀. Nínú oyún, ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ni ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ ń yọ, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún. Wọ́n ń fún sẹ́ẹ̀lì ní oríṣiríṣi àmì ní ọjọ́ tó yẹ, irú fítámì A kan sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n fún eku ní sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sìn báyìí, ó mú nínú mùdùnmúdùn àwọn eku náà, láti orí 25 dé 50 nínú 100, ó sì ń bí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Kí ló wá kan àwa nínú gbogbo èyí ju àwọn yòókù lọ? Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Kí á tó mọ AS àti SS, àbíkú ni wọ́n ń ka ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ní in sí, wọ́n sì ń sọ wọ́n ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS o, ibà náà pa púpọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àṣẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa ló yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí àmì ohùn, èyí yẹ kó tètè yé yín: igba ni 200, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò. Àmì kékeré ló yí, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí róbótó wá tẹ̀ bíi dòjé, ó ń dí ojú iṣan, kì í sì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 20 lọ dípò 120. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ló ń wá sáyé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ó bá àwọn ẹrú kọjá òkun: ní Bahia, ibi tí àwọn ìran wa pọ̀ sí ní Brazil, ó tó nǹkan bí 1 nínú ọmọ tuntun 650.

Ní 1984, àwọn dókítà ní Memphis ròyìn pé ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tó sì tún jẹ́ SS, gba mùdùnmúdùn ọmọ ìyá rẹ̀ kan tó jẹ́ AS. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń bá jà, ṣùgbọ́n SS náà bá a lọ. Àwọn oníṣègùn ní Benin City ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ kan tó jẹ́ SS ní 2011. Ní oṣù kejìlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, tí wọ́n fi ń yọ ìyá sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń tún jíìnì rẹ̀ ṣe ní láàbù, kí wọ́n tó dá a padà sára rẹ̀. Ilẹ̀ Britain ti ṣáájú ní oṣù kọkànlá. Olùtọrẹ ò sí níbẹ̀, ìjà àlejò àti onílé ò sí. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà ni dọ́là mílíọ̀nù 2.2. Ẹ fi ìyẹn wé owó oṣù olùkọ́ ní Ìbàdàn, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Ìdí kan lára ohun tó mú un wọ́n ni pé ìyá sẹ́ẹ̀lì kò fẹ́ pẹ́ ní láàbù: wọ́n ní láti gba púpọ̀ lára aláìsàn, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n tó rí èyí tó tó, nítorí wọn ò lè kàn sin díẹ̀ kó pọ̀. Lójú tèmi, èyí ni iṣẹ́ gọ́ọ̀mù àti ti Melbourne fi kan Ìbàdàn àti Salvador ju Boston lọ. Ẹni tó bá lè sin ìyá sẹ́ẹ̀lì nínú àwo lè mú owó yẹn wálẹ̀.

Kò tíì sí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ ti Melbourne sára. Eku ni wọ́n ṣì fi ń dán an wò, wọ́n sì ní láti rí i dájú pé sẹ́ẹ̀lì tó ti rìn jìnnà báyìí kò ní di jẹjẹrẹ. Ní báyìí ná, ìwé orúkọ ṣì ṣí sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 18 sí 35 ni wọ́n ń wá jù. Ní Anthony Nolan ní London, ọdún 16 sí 30. Òwú kékeré ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síni nílé, ẹ máa fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ dá a padà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá pè lẹ́yìn náà ni wọn kì í fọwọ́ kan eegun wọn rárá: apá ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀rọ á ṣẹ́ ìyá sẹ́ẹ̀lì kúrò, á sì dá ìyókù padà sí apá kejì.